Oògùn Tí Wọn Kò Tíì Mọ Ìwọ̀n Rẹ̀

Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń sọ fún ìdílé tó bá gbé aláìsàn jẹjẹrẹ wá nítorí oògùn tuntun ni ohun tí wọn kì í fẹ́ gbọ́. Ìwádìí ìpele kìn-ín-ní kì í ṣe ìtọ́jú. Wọn ò torí kí ara yín lè yá ṣe é. Wọ́n ń wá ìwọ̀n oògùn tí ara ènìyàn lè gbà láìjẹ́ pé ó pa á lára ju bó ṣe yẹ lọ, ara yín ni wọ́n sì fẹ́ fi mọ̀ ọ́n. Bí kókó jẹjẹrẹ náà bá súnkì, a ó dúpẹ́, àmọ́ kì í ṣe ohun tí wọ́n tìtorí ẹ̀ pè yín nìyẹn. Bí mo bá ti sọ báyìí, ọmọ tó mú ìyá rẹ̀ wá á ti máa wò mí bí ẹni tí àwọn ọ̀tá ilé wọn rán wá. "Àǹtí nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má já Màmá láyà." Àyà Màmá fúnra rẹ̀ kì í sábà já. Lọ́pọ̀ ìgbà, òun ló máa ń béèrè ọ̀rọ̀ tó mọ́gbọ́n dání jù nínú gbogbo wọn.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì láàrin àwọn tó ń gba kímò, mo sì ti wà lára àwọn tó ń rí sí ìwádìí oògùn. Èmi ni mò ń ka ìwé àdéhùn fún aláìsàn, èmi ni mò ń fa ẹ̀jẹ̀, èmi náà ni mò ń pè wọ́n lálẹ́ láti béèrè bóyá ibà ò gùn wọ́n. Ìgandò ní Èkó ni mò ń gbé. Ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ tiwa yìí, bí wọ́n bá ti mọ̀ pé nọ́ọ̀sì ń bẹ ládùúgbò, ilé rẹ̀ ti di kílíníìkì nìyẹn. Wọ́n á wá láti Ìkòtún, wọ́n á wá láti Ẹ̀gbẹ́dá, èsì àyẹ̀wò á wà nínú náílọ̀n dúdú, àwòrán sìkáànù á wà lórí fóònù, èyí tí wọ́n ti fi ránṣẹ́ sí gbogbo mọ̀lẹ́bí lórí WhatsApp kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Mo ti kíyè sí i pé ìbéèrè wọn ti yí padà. Tẹ́lẹ̀, wọ́n á ní, "Ṣé kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ fi wá dánra wò?" Ohun tí mò ń gbọ́ báyìí ni, "Ṣé lóòótọ́ ni pé ọ̀fẹ́ ni?"

Ìbéèrè kejì yìí ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ẹni tó ń bẹ̀rù pé wọ́n fẹ́ fi òun dánra wò ṣì ń ronú, ó ṣì lè ní rárá. Àmọ́ ẹni tó ti ta ilẹ̀ tó rà sí ìdí ọ̀nà LASU, tó ti kó owó àjọ, tó ti jẹ kọpẹ́rétíìfù ní gbèsè, tí dókítà sì sọ pé kímò ṣì kù, ẹ wá sọ fún un pé ìwádìí kan wà tí wọn ò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀, tí wọ́n á ya sìkáànù fún un lọ́fẹ̀ẹ́, tí wọ́n á tún fún un lówó ọkọ̀. Kí lẹ fẹ́ kó sọ? Kò tíì gbọ́ orúkọ oògùn náà tó ti ń béèrè bírò. Mi ò sọ pé kí àwọn olùwádìí máa gbowó lọ́wọ́ aláìsàn o. Ẹni tó bá ń gbowó lọ́wọ́ yín fún oògùn tí wọn ò tíì mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́, ẹ yáa sá fún un. Ohun tí mò ń sọ ni pé níbi tí gbogbo ìtọ́jú mìíràn ti jẹ́ owó, bẹ́ẹ̀ ni tí aláìsàn ń sọ kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni. Iṣẹ́ mi, bí mo ṣe rí i, ni kí n jẹ́ kí rárá ṣeé sọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n ti lo oògùn náà fún eku àti àwọn ẹranko mìíràn, àmọ́ ara eku kì í ṣe ara ènìyàn, nítorí náà ìwọ̀n kékeré gan-an ni wọ́n á fi bẹ̀rẹ̀. Ìlànà tó wọ́pọ̀ jù láti ọjọ́ pípẹ́ ni ti ẹni mẹ́ta mẹ́ta. Ẹni 3 á gba ìwọ̀n tó kéré jù, wọ́n á dúró bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, wọ́n á máa ṣọ́ wọn. Bí kò bá sí ìyọnu tó le, ẹni 3 mìíràn á gba èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹnì kan nínú mẹ́ta bá rí ìyọnu ńlá, wọ́n á fi ẹni 3 kún un lórí ìwọ̀n kan náà. Bí méjì bá rí i, wọ́n ti kọjá ààlà nìyẹn, wọ́n á padà sẹ́yìn. Ẹ wá wo ohun tí èyí jẹ́ fún ẹni tó jókòó síwájú mi. Bó bá bọ́ sáàrin àwọn àkọ́kọ́, oògùn náà lè kéré débi pé jẹjẹrẹ ò ní mọ̀ pé nǹkan kan wọlé. Bó bá bọ́ sáàrin àwọn ìgbẹ̀yìn, ara rẹ̀ ni wọ́n á fi mọ ibi tó ti pọ̀ jù. Kì í ṣe òun ló ń yan èyí tó wù ú. Ìgbà tó dé ló máa sọ.

Ọgbọ́n yẹn pàápàá ti ń yí padà. Nígbà tí kímò nìkan la ní, èrò gbogbo ayé ni pé bí oògùn bá ṣe pọ̀ tó ni yóò ṣe pa jẹjẹrẹ tó, kí a ṣáà ti dúró díẹ̀ kó tó pa onítọ̀hún. Àwọn oògùn òde òní tó ń dojú kọ ibì kan pàtó lára sẹ́ẹ̀lì kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tó kéré lè ṣe iṣẹ́ kan náà, kó má sì sọ aláìsàn di ẹdun arinlẹ̀. Láti 2021 ni àjọ FDA ti Amẹ́ríkà ti ń rọ àwọn ilé-iṣẹ́ oògùn pé kí wọ́n wá ìwọ̀n tó dára jù, kì í ṣe ìwọ̀n tó ga jù tí ara lè fara dà. Nítorí náà, bí ẹ bá dé iwájú dókítà tó ń ṣe ìwádìí, kò sí àrífín nínú kí ẹ béèrè pé: ìwọ̀n wo lèmi máa gbà, ẹni mélòó ló ti gbà á ṣáájú mi, kí ló ṣe wọ́n?

Ní ti ìrètí, mi kì í purọ́ fún wọn, mi kì í sì í pa ìrètí wọn. Ní 2005, wọ́n tẹ àbájáde kan jáde tí wọ́n kó jọ láti inú ìwádìí ìpele kìn-ín-ní 460, èyí tí àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí jẹjẹrẹ gbé kalẹ̀ láàrin 1991 sí 2002. Àwọn tó kópa fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹgbẹ̀rún 12. Nínú 100, bí 11 ni kókó wọn súnkì dáadáa tàbí tó wábi gbà. Níbi tó ti jẹ́ oògùn tuntun kan ṣoṣo ni wọ́n lò, kò tó 5. Nínú 200, bí ẹnì kan ni oògùn náà fúnra rẹ̀ pa. Kókó tó súnkì kì í sì í ṣe ìwòsàn. Ó lè jẹ́ oṣù díẹ̀ ló máa fi kún ọjọ́ ayé ẹni, àwọn oṣù yẹn sì lè jẹ́ èyí tí onítọ̀hún fi ń lọ fi ń bọ̀ nílé ìwòsàn.

Àmọ́ ìgbà mìíràn a máa wà tí ilẹ̀kùn á ṣí pátápátá. Ní 1998, Brian Druker bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn tó ní irú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan ní oògùn imatinib ní Oregon. Nígbà tí wọ́n gbé ìwọ̀n rẹ̀ dé 300 mílígíráàmù lójúmọ́ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nínú ẹni 54, ẹni 53 ni ẹ̀jẹ̀ wọn padà bọ̀ sípò. Nígbà tó fi máa di 2001, oògùn náà ti gba àṣẹ, nígbà tó sì di 2003 ó ti dé Ilé-Ifẹ̀, níbi tí ilé ìwòsàn OAUTHC ti ń pín in lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn aláìsàn láti gbogbo Nàìjíríà, lábẹ́ ètò ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe é. Mo mọ àwọn tó wọ mọ́tò láti Ìyànà-Ìpájà lọ sí Ifẹ̀ gba imatinib yìí, tí wọ́n ń tà lórúkọ Glivec, tí wọ́n padà sẹ́nu òwò wọn. Ẹni tó bá wá sọ fún mi pé ìwádìí ìpele kìn-ín-ní jẹ́ àfiṣòfò, irú àwọn yìí ni màá tọ́ka sí. Ẹni tó bá sì sọ fún mi pé ó dájú pé òun náà máa rí irú rẹ̀, màá padà sórí 11 nínú 100.

Ọ̀rọ̀ ìwádìí oògùn jẹjẹrẹ kì í ṣe àjèjì sí ilẹ̀ wa, bí àwọn kan ṣe rò. Ní ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn, láàrin ọdún 1960 sí 1970, wọ́n máa ń gbé ọmọdé wá tí àgbọ̀n rẹ̀ wú. Eyín á kọ́kọ́ máa mì, kò pẹ́ kò jìnnà, kókó á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ojú. Denis Burkitt tó wà ní Kampala ló ṣàlàyé jẹjẹrẹ yìí fún ayé ní 1958, òun náà ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Ọ̀mọ̀wé Victor Anomah Ngu, ọmọ Cameroon tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní Ìbàdàn, tó sì padà wá di ọ̀jọ̀gbọ́n iṣẹ́ abẹ níbẹ̀, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi oògùn bíi cyclophosphamide dojú kọ ọ́ nígbà tí kò sí ìwé tó sọ iye tó yẹ kí wọ́n fún ọmọdé. Kókó tó tóbi bí ìkúùkù á yọ́ láàrin ọjọ́ mélòó kan. Ti àwọn mìíràn á padà. Ti àwọn kan kò padà mọ́ láéláé, èyí ló sì mú kí Ngu máa sọ pé agbára ara fúnra rẹ̀ ń ran oògùn lọ́wọ́ láti bá àrùn náà jà. Ní 1972, wọ́n fún òun àti Burkitt, àti àwọn mìíràn, ní ẹ̀bùn Lasker ní Amẹ́ríkà, ọ̀kan lára èyí tó lọ́lá jù nínú iṣẹ́ ìṣègùn. Orúkọ àwọn dókítà wà nínú ìwé ìtàn. Ti àwọn ọmọ náà, àti ti ìyá tó pọ̀n wọ́n wá, kò sí níbẹ̀. Inú mi máa ń dùn sí ìtàn yìí, ó sì máa ń dùn mí lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìtàn ìwádìí tí àwọn ará Ìkòtún ń rántí ni ti Kánò. Kì í ṣe jẹjẹrẹ, kì í sì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá, àmọ́ bí ẹ bá ti dárúkọ rìsáàṣì, òun náà ni wọ́n á mú wá. Ní 1996, àrùn yínrùnyínrùn ń pa àwọn èèyàn lápá Àríwá. Ilé-iṣẹ́ Pfizer dé, wọ́n fi oògùn tuntun kan, Trovan, tọ́jú ọmọ 100, wọ́n sì fún 100 mìíràn ní ceftriaxone tí ayé ti mọ̀. Ọmọ 11 kú, 5 lára àwọn tó gba Trovan, 6 lára àwọn tó gba èkejì. Àríyànjiyàn tó tẹ̀ lé e ni bóyá àwọn òbí mọ̀ pé ìwádìí ni wọ́n gbé ọmọ àwọn sí. Pfizer ní àwọn ò ṣẹ̀. Ní 2009, àwọn àti ìjọba ìpínlẹ̀ Kánò fẹnu kò sí 75 mílíọ̀nù dọ́là. Nàìjíríà ti wá ní ìlànà orílẹ̀-èdè lórí ìwádìí ìlera láti 2007, Òfin Ìlera ti 2014 náà sì sọ ọ́ di dandan kí ẹni tí wọ́n máa lò fún ìwádìí fọwọ́ síwèé lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣàlàyé fún un. NAFDAC, àjọ tó ń ṣàkóso oògùn nílẹ̀ wa, ní láti fọwọ́ sí ìwádìí náà. Ìgbìmọ̀ tó ń ṣọ́ ẹ̀tọ́ aláìsàn nílé ìwòsàn náà ní láti fọwọ́ sí i, nọ́ńbà wọn á sì wà lára ìwé àdéhùn. Bí ẹ ò bá rí nọ́ńbà yẹn níbẹ̀, ẹ dá ìwé padà, ẹ máa lọlé.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ọ̀pọ̀ dókítà kì í rántí sọ, ó sì kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Kí wọ́n tó gba ènìyàn sínú ìwádìí, wọ́n á yẹ ẹ̀dọ̀ wò, wọ́n á yẹ kíndìnrín wò, wọ́n á wò ó bóyá ó ṣì lè dá dìde, dá wẹ̀, dá rìn. Wọ́n á tún ka àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń bá kòkòrò àìsàn jà nínú ẹ̀jẹ̀. Iye tí ọ̀pọ̀ ìwádìí kọ sílẹ̀ ni 1,500. Ẹni tí tirẹ̀ bá dín, wọ́n á ní kó máa lọ. Ó wá ṣẹlẹ̀ pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo àwa ará Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà la jogún ohun kan nínú ẹ̀jẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní Duffy-null, tó ń dáàbò bo àwọn baba ńlá wa lọ́wọ́ irú ibà kan. Ẹni tó ní in lè ní sẹ́ẹ̀lì funfun tó dín kù nínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà, kí ara rẹ̀ sì le koko. Kò ṣàìsàn, bí wọ́n ṣe dá a nìyẹn. Ara àwọn òyìnbó ni wọ́n wò kí wọ́n tó kọ 1,500 sílẹ̀. Mo ti rí ìyá tó gbé igbá lórí wá sílé ìwòsàn, tí wọ́n wo ìwé rẹ̀ tí wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó. Ẹ̀jẹ̀ tó wà lára rẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti bí i! Bí wọ́n bá dá yín padà nítorí èyí, ẹ béèrè bóyá wọ́n ti yẹ Duffy wò. Àwọn ìwádìí kan ti ń yí ìlànà wọn padà báyìí, àmọ́ wọn ò lè yí i fún ẹni tí kò béèrè.

Ohun tó mú kí n máa fẹ́ kí àwọn èèyàn wa wọ inú ìwádìí nìyí, pẹ̀lú gbogbo ariwo tí mò ń pa. Oògùn tí wọ́n wọn lára ẹlòmíì ni wọ́n ń gbé wá fún wa. Nígbà tí àgbáyé fẹ́ mọ bí àbùdá ọmọ ènìyàn ṣe yàtọ̀ síra, nínú iṣẹ́ ńlá tí wọ́n pè ní HapMap, ẹ̀jẹ̀ àwọn Yorùbá ní Ìbàdàn wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ lò. Wọ́n mọ̀ wá nígbà tó kan ìmọ̀. Nígbà tó kan oògùn, ẹ̀yìn la ń wà.

Èyí tó sún mọ́ wa jù ni ìwádìí tí wọ́n pè ní ARETTA. Ìpele kejì ni, kì í ṣe ìkíní. Trastuzumab, oògùn tí ayé ti mọ̀, ni wọ́n fún àwọn obìnrin tó ní irú jẹjẹrẹ ọmú tí wọ́n ń pè ní HER2, pa pọ̀ mọ́ kímò, ní UCH Ìbàdàn, ní Ifẹ̀, ní LUTH àti ní LASUTH, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Yunifásítì Chicago níbi tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Olópadé wà. Abẹ́rẹ́ abẹ́ awọ itan ni, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló ń gbà. Ohun tó ṣe pàtàkì níbẹ̀ lójú tèmi ni pé ó fi hàn pé ilé ìwòsàn tiwa lè tẹ̀ lé ìlànà, kí wọ́n kọ gbogbo nǹkan sílẹ̀, kí wọ́n sì máa ṣọ́ aláìsàn títí dópin. Ìpele kìn-ín-ní gan-an ṣọ̀wọ́n nílé. Àwọn tó ń sọ ọ́ fún mi lórí fóònù sábà máa ń jẹ́ ọmọ tó wà ní Houston tàbí ní London, tó ti ka nǹkan nípa ilé ìwòsàn jẹjẹrẹ ibẹ̀, MD Anderson tàbí Royal Marsden. Mo máa ń sọ fún wọn pé oògùn lè jẹ́ ọ̀fẹ́, físà kì í ṣe ọ̀fẹ́, ilé tí Bàbá máa sùn kì í ṣe ọ̀fẹ́, bí ara rẹ̀ bá sì dàrú lóru, ẹ béèrè ẹni tó máa san owó bẹ́ẹ̀dì.

Fún àwa tó wà nílé náà, ọ̀nà nìkan ti tó wàhálà. Nínú ètò ìkànìyàn 2006, ènìyàn 1,277,714 ni wọ́n kà ní Alímọ̀ṣọ́, ìjọba Èkó sì jiyàn pé a ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ilé ìwòsàn ìjọba wà ní Ìgandò níbí, àmọ́ LASUTH ní Ìkẹjà tàbí LUTH ní Ìdí-Àràbà ni wọ́n ti ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ìwádìí kì í ṣe ọjọ́ tí èèyàn ń yọjú kó tún padà. A ó fa ẹ̀jẹ̀ kí oògùn tó wọlé, a ó tún fà á lẹ́yìn ààbọ̀ wákàtí, lẹ́yìn wákàtí kan, méjì, mẹ́rin, mẹ́jọ, a ó sì tún fà á lọ́jọ́ kejì, torí a fẹ́ mọ bí oògùn ṣe ń wọ inú ara àti bó ṣe ń jáde. Ẹni tó wọ danfo láti Ìgandò sí Ìkòtún, láti Ìkòtún gba Ìsọlọ̀ lọ sí Mushin, kó tó dé Ìdí-Àràbà, tí wọ́n ní kó tún padà wá láàárọ̀ ọ̀la, ibo ló máa sùn? Mo ti rí ìwé àdéhùn tó gùn ju ogún ojú ewé lọ tí kò dáhùn ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ àgbo ni mo fẹ́ràn jù, nítorí ibẹ̀ ni mo ti ń mọ̀ bóyá aláìsàn ti fọkàn tán mi. Gbogbo oògùn tí ẹ bá ń lò la gbọ́dọ̀ mọ̀, torí ẹ̀dọ̀ ló ń fọ́ púpọ̀ nínú wọn, bí àgbo bá sì ti gba ẹ̀dọ̀ mú, oògùn ìwádìí lè pọ̀ jọ nínú ara bíi pé ìlọ́po méjì ni wọ́n fún yín. Mo jókòó ti ìyá kan tó ń ta gààrí. "Màmá, kí lẹ tún ń lò lẹ́yìn èyí tí dókítà kọ?" "Kò sí nǹkan kan, ọmọ mi." Mi ò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Mo béèrè ọjà, mo béèrè àwọn ọmọ. Mo ní ìyá tèmi náà máa ń ṣe àgbo ibà, pé ewé dóńgóyárò àti èèpo mángòrò ló ń lò. Ó ní, "Kò fi orógbó sí i?" Ó ṣí báàgì, ó fa ike La Casera yọ, omi dúdú pupa kún inú rẹ̀ dé ọrùn, ewé ṣì ń léfòó lójú rẹ̀. "Èyí tí wọ́n ń bá mi sè nìyí. Ẹ má sọ fún dókítà." Mo sọ fún dókítà, ojú Màmá ni mo sì ti sọ ọ́. Màmá fi àgbo sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá ti kọ "kò lo nǹkan kan" sílẹ̀, kí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ wá dàrú, oògùn ni wọn ì bá dá lẹ́bi, àṣìṣe yẹn ì bá sì wọ ìwé tí wọ́n máa fi tọ́jú ẹlòmíì.

Mi ò bá àgbo jà. NIPRISAN, oògùn fún àwọn tó ní àrùn ẹ̀jẹ̀ fòníkú-fọ̀ladìde, ọwọ́ Rẹ́fẹ́rẹ́ńdì Ògúnyalé, oníṣègùn ìbílẹ̀ ọmọ Yorùbá, ni ìmọ̀ rẹ̀ ti wá. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí NIPRD ní Àbújá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì fi aláìsàn tó gbà bẹ́ẹ̀ dán an wò ní ìpele-ìpele, bí ìlànà ṣe wí. Àgbo náà lè gba ọ̀nà yìí kọjá. Èyí tó wà nínú ike La Casera kò tíì gba ibẹ̀ kọjá.

Bẹ́ẹ̀ náà ni mi ò bá ṣọ́ọ̀ṣì jà, ta ló fẹ́ bá ṣọ́ọ̀ṣì jà ní Ìkòtún, níbi tí àwọn èèyàn ti ń wọ ọkọ̀ òfuurufú láti ilẹ̀ mìíràn wá wá ìwòsàn? Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé bí wọ́n bá fẹ́ gbààwẹ̀, kí wọ́n sọ fún wa, torí àwọn oògùn kan wà tó jẹ́ pé oúnjẹ la fi ń gbé wọn mì, àwọn kan sì wà tí oúnjẹ ń bà jẹ́.

Ta ni kó fọwọ́ síwèé? Òfin ní aláìsàn ni. Ilé wa ní gbogbo wa ni. Àkọ́bí ọkùnrin á ti sọ fún mi lẹ́yìn ilẹ̀kùn pé, "Ẹ má dárúkọ jẹjẹrẹ lójú Màmá, ọgbẹ́ la sọ fún un pé ó jẹ́." Bí a kò bá dárúkọ àìsàn, báwo la ṣe fẹ́ ṣàlàyé ìwádìí? Mo máa ń sọ fún wọn pé kò séwu nínú kí ìdílé gbìmọ̀, ó dára bẹ́ẹ̀, kódà kí wọ́n mú ìwé lọ sílé sùn, kí wọ́n pe ọmọ tó wà ní Houston lórí fídíò. Àmọ́ ẹni tí a máa gún lábẹ́rẹ́ ni a máa jókòó tì níkẹyìn, ní èdè tó ń sọ, láìsí ẹlòmíì nínú yàrá yàtọ̀ sí ẹlẹ́rìí. Màá ní kó sọ ohun tí mo sọ padà fún mi. Bó bá ní, "Wọ́n fẹ́ fún mi ní oògùn tuntun tó máa wò mí sàn," a ò tíì parí. Bó bá ní, "Wọ́n fẹ́ wo iye tí ara mi lè gbà, ó lè ràn mí lọ́wọ́, ó lè má ràn mí lọ́wọ́, mo sì lè kúrò nígbà tó bá wù mí," ó lè fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́.

Bàbá kan láti Ẹ̀gbẹ́dá, tí jẹjẹrẹ pírósítéètì rẹ̀ ti wọ egungun ẹ̀yìn, gbọ́ gbogbo àlàyé náà tán. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tísà, ó ń ka ìwé náà bí ẹni ń máàkì rẹ̀. Kò béèrè iye ẹni tó kú. Kò béèrè owó ọkọ̀. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, bí mo bá ní mi ò ṣe, ṣé ẹ ṣì máa fún mi ní mọ́fíìnì tí ẹ ń fún mi?" Ìbéèrè yẹn ló yẹ kí gbogbo aláìsàn kọ́kọ́ béèrè, torí ẹni tí ìrora ń dá lóró kò lómìnira láti ṣàdéhùn kankan. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mọ́fíìnì ò sí lára ìwádìí, dókítà rẹ̀ náà ni yóò máa rí sí i. Ó ní kí n fi ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí han òun. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, nínú gbólóhùn kékeré kan, lẹ́yìn àwọn ọ̀rọ̀ nípa ìfipamọ́ ẹ̀jẹ̀ àti ẹni tó ni àbájáde ìwádìí. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, ó ní òun máa fún wa lésì lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Láti ìgbà náà, ojú ewé yẹn ni mo kọ́kọ́ ń ṣí fún wọn, kí n tó ṣí èyí tí wọ́n máa fọwọ́ sí.